Gẹ̀gẹ̀, àyà jíjá, oògùn ojoojúmọ́: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Tóbi, Ìkéré: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà ní táírọ́ìdì mi, ẹṣẹ́ iwájú ọrùn yẹn, ti ń ṣọ̀lẹ, wọ́n kọ thyroxine fún mi. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó ńkọ́?

Ọmọ Èfọ̀n: Tèmi ò ṣọ̀lẹ o, eré ló ń sá. Mo jókòó jẹ́ẹ́, àyà mi á máa lù kìkì. Télọ̀ ni mí, ọwọ́ ń gbọ̀n débi pé òwú ò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Mò ń jẹun, mò ń rù. Nínú ọ̀gìnnìtìn Èfọ̀n tí gbogbo ayé ń wọ súwẹ́tà, èmi ń làágùn. Ìyá ọkọ mi ní àwọn kan ló ń bá mi jà. Oṣù méje la fi lọ sórí òkè àdúrà kí wọ́n tó yẹ TSH wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti táírọ́ìdì. Carbimazole ni wọ́n fún mi kí eré táírọ́ìdì lè rọlẹ̀, pẹ̀lú propranolol fún àyà.

Bàbá Ìfàkì: Oṣù méje!

Ọmọ Èfọ̀n: Bàbá, ojú mi ti ń yọ síta nígbà yẹn. Ta ló máa gbà pé kì í ṣe ayé?

Nọ́ọ̀sì Adó: Ọmọ Èfọ̀n, tí ọ̀fun bá ń dùn ọ́ tàbí ibà dé, dá carbimazole dúró, kó o lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan.

Ọmọ Èfọ̀n: Hẹn? Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi o.

Nọ́ọ̀sì Adó: Ìyá Tóbi, ẹ ní sùúrù. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí wọ́n tó tún TSH yẹ̀ wò. Omi lásán lẹ ó fi lò ó láàárọ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ.

Ìyá Tóbi: Yéè! Tíì oní mílíìkì ni mo fi ń gbé e mì, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-irin (iron).

Nọ́ọ̀sì Adó: Áà, mọ̀mí! Wákàtí 4 ló yẹ kó wà láàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀.

Akin Ọ̀yẹ́: Ẹ̀gẹ́ ló ń fa gbogbo rẹ̀. Gààrí ni ìyá mi àgbà jẹ títí gẹ̀gẹ̀ fi yọ.

Bàbá Ìfàkì: Ta ni ò jẹ gààrí l'Ékìtì? Èmi, uyán ni tèmi.

Nọ́ọ̀sì Adó: Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa lè dí áyódínì, èròjà tí táírọ́ìdì ń lò, lọ́wọ́, pàápàá tí áyódínì ò bá tó lára. 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú iyọ̀ ní Nàìjíríà.

Akin Ọ̀yẹ́: Mo ní ẹ̀gẹ́ ni!

Bàbá Ìfàkì: Ẹni tó ń jẹ uyán kì í ní gẹ̀gẹ̀.

Ọmọ Èfọ̀n: Bàbá, ìyá tó bí mi gún uyán tà fún ọgbọ̀n ọdún. Gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ tó àgbálùmọ̀.

Ìyá Tóbi: Ẹ jọ̀ọ́, mílíìkì náà ńkọ́? Ṣé wákàtí 4 ni?