Ìrírí wa ní Hecla, erékùṣù àwọn ará Áísílándì ní Kánádà

Ìlú Winnipeg ni mo ń gbé. Màmá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ sí Hecla, erékùṣù inú adágún omi Winnipeg tí wọ́n bí i sí. Ilé kò pọ̀ níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì Lùtérà kan wà pẹ̀lú itẹ́ òkú, ibẹ̀ ni màmá náà sì ti ń ka orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ 21 oṣù October ọdún 1875 ni àwọn àkọ́kọ́ lára àwọn ará Áísílándì gúnlẹ̀ sí etí ìwọ̀-oòrùn adágún náà, nígbà tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbìn mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, òkè oníná Askja da eérú bo pápá tí ẹran ọ̀sìn ti ń jẹko ní Áísílándì, èyí sì wà lára ohun tó mú kí èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tẹ̀ lé wọn lọ́dún 1876. Lára àwọn wọ̀nyí ni àwọn tó tẹ Hecla dó wà. Ìjọba ti ya etí omi náà sọ́tọ̀ fún wọn, àfi bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni ṣọ̀pọ̀ná wọlé, ó pa nǹkan bí 100 nínú wọn, ó sì pa abúlé àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wà ní Sandy Bar run.

Nígbà tí ìjọba sọ erékùṣù náà di ọgbà ìgbafẹ́ lọ́dún 1969, tí ilẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn apẹja, ó dun màmá náà títí di òní. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa.” Lójú tèmi, ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Èsì ẹnì kejì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, apẹja sì ni bàbá mi, àmọ́ mi ò rí irú ẹja pípa tí wọ́n ń ṣe lórí adágún yẹn rí. Wọ́n á dá ihò sójú yìnyín, wọ́n á ti pákó gígùn tí wọ́n so okùn mọ́ sábẹ́ rẹ̀, pákó náà á máa rìn lọ bí wọ́n bá ti ń fa okùn, ẹnì kan á sì máa tẹ́tí sí ìró rẹ̀ láti mọ ibi tí wọn yóò dá ihò kejì sí. Okùn náà ni wọ́n fi ń fa àwọ̀n kọjá. Apẹja tí mo bá lọ sọ fún mi pé ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ni àwọn baba ńlá òun ti kọ́ bí a ti ń dẹ àwọ̀n sábẹ́ yìnyín.

Èsì ẹnì kẹta: Ẹ jẹ́ kí n fi ti Sandy Bar kún un, torí mo ti dé ìtòsí Riverton, níbi tí ibojì Betsey wà, ìyàwó John Ramsay, tí ṣọ̀pọ̀ná pa. Onílẹ̀ ni Ramsay, ó bá àwọn àlejò náà fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀, síbẹ̀ òun náà ló tún ń wá ẹran ìgbẹ́ fún wọn. Ó ra òkúta mábù sórí ibojì ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Ramsay, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Áísílándì kan, Trausti Vigfusson, sọ pé Ramsay wá bá òun lójú àlá, ó ní kí òun tún ọgbà ibojì náà ṣe, ó sì tún un ṣe. Ẹni tó bá ń lọ sí Hecla, kí ó yà síbẹ̀. Ọ̀nà Riverton náà ni yóò gbà.