Ẹ bá mi wádìí ọ̀nà yìnyín tí ọmọ mi fẹ́ gbà ní Swídìn

Iye Ẹlẹ́gàárì, Kàbà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Okun gbogbo yín o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Láti àná ni oorun ò ti kùn mí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Swídìn ló fẹ́ pa mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tójú mi rí kó tó lọ. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìyàrá, a tà á. Ẹ̀rọ tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́, mo tà á, títí dòní ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ni mò ń tò sí. Mo ní kó lọ kàwé. Òun wá ní òun fẹ́ fi síkì, pákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, rin kìlómítà 90 nínú yìnyín! Ó ti sanwó. Owó síkì ọ̀hún nìkan, gàárì tó máa rà á kún ìsọ̀ mi dẹ́nu.

Lánàá ó fi fídíò ránṣẹ́. Ilẹ̀ funfun báláú, wọ́n la ipa tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí i bí ojú irin rélùwéè. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gún un, kò wọlé, ó ń dún bí ìgbà téèyàn fi ṣíbí kan àwo tánganran. Mo ní ṣé orí èyí lo máa rìn? Ó ní, "Iye, ó máa dáa kó tó dọjọ́ náà." Ta ló sọ fún un? Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé e. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, òun tí kò dá kọ́bọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọ náà rí.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe lè jókòó sí Kàbà kó mọ̀ bóyá ọ̀nà yẹn dára?

Ọmọ Ìsánlú, Swídìn:
Okun o, Iye. Ìdíje wo ni, ọjọ́ wo sì ni? Bó bá jẹ́ kìlómítà 90, á jẹ́ Vasaloppet, láti Sälen dé Mora, ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù Kẹta. Àbí Öppet Spår ni, èyí tó máa ń ṣáájú ẹ̀, tí kò sí ìdíje níbẹ̀? Ṣé ó ti rin síkì jìnnà rí? Ṣé ara rẹ̀ le?

Bàbá Onímọ́tò, Mọ̀pà:
Ọ̀rọ̀ ká wádìí ọ̀nà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún kan mò ń gbé èrò lọ sí Ìlọrin, mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀, ó ní gbayawu ni. Kò sọ fún mi pé àárọ̀ lòun kọjá. Òjò ti rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, omi ti gé ọ̀nà. Inú igbó la sùn, pẹ̀lú abiyamọ méjì. Látìgbà náà, bí mo bá béèrè ọ̀nà, mo máa ń béèrè aago tí ẹni náà gba ibẹ̀ kọjá.

Adúrótolúwa, Ẹ̀kìnrìn-Àdé:
Ẹ gbàdúrà sí i, màmá. Àmọ́ kí ló gbé ọmọ Okun dórí yìnyín? Ẹ ní kó gba owó rẹ̀ padà kó lọ kàwé.

Ọmọ Ìsánlú, Swídìn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Obìnrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń rìn ín lọ́dọọdún. Kì í ṣe ìwà ìpátá.
Iye, ohun tí Bàbá Onímọ́tò sọ yẹn gan-an ni kókó. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ máa ń kọ bí ọ̀nà ṣe rí síta, apá kan tẹ̀lé ìkejì, pẹ̀lú ìgbà tí ẹ̀rọ tẹ yìnyín ibẹ̀ kẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àná tí yìnyín tuntun wá já lóru, ìròyìn àná ti di àtijọ́ nìyẹn. Ẹ fi ti ojú ọjọ́ láti ọ̀dọ̀ SMHI, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti Swídìn, kún un, kẹ́ ẹ wo Sälen lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wo Mora lọ́tọ̀, torí Sälen wà lókè, Mora wà nísàlẹ̀.

Èyí tó ń dún bí àwo yẹn, yìnyín tó ti yọ́ tó tún dì ni. Ó ń yọ̀ gan-an, pàápàá níbi ìsọ̀kalẹ̀ tó wà lẹ́yìn Evertsberg, abúlé kan lójú ọ̀nà náà. Ìda tí wọ́n ń fi pa abẹ́ síkì fún un yàtọ̀, klister ni wọ́n ń pè é, ó ń lẹ̀ bí oje igi. Tí yìnyín tuntun bá bo ilẹ̀ tí òtútù sì mú, ìda líle ló kù. Ìdí tá a fi ń wo ọ̀nà títí di àárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n tò ó sí, kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ṣáájú á ti ba ipa náà jẹ́.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:
Ọmọ Ìsánlú béèrè bóyá ara rẹ̀ le. Iye ò tíì dáhùn.

Iye Ẹlẹ́gàárì, Kàbà:
Ẹ ṣé, ọmọ Ìsánlú. Vasaloppet náà ni, Sunday tó ń bọ̀. Èmi ò ní kó má rìn ín. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bíi pé mi ò fẹ́ ire ọmọ mi. Ṣé wọn ò lè dá a dúró bí ọ̀nà ò bá dára ni?

Ọmọ Ìsánlú, Swídìn:
Wọ́n lè dá a dúró, Iye. Wọn ò ṣe é ní 1932, 1934 àti 1990 torí yìnyín ò tó. Bí ẹni kan bá sì pẹ́ jù lójú ọ̀nà, wọ́n á dá a dúró ní ibùdó tó bá dé, bọ́ọ̀sì á gbé e lọ sí Mora.

Adúrótolúwa, Ẹ̀kìnrìn-Àdé:
Mo ṣì ní kó gba owó rẹ̀ padà.

Bàbá Onímọ́tò, Mọ̀pà:
Ìwọ Adúró, ṣé ìwọ lo bá a san án ni?

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:
Iye, ṣé ara rẹ̀ le?

Iye Ẹlẹ́gàárì, Kàbà:
Nọ́ọ̀sì, o ò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ó dáa.
Ó ní asimá, ikọ́ fée. Ó wà ní JSS 2, nígbà ọyẹ́, àyà rẹ̀ ń hun bí ẹ̀wìrì alágbẹ̀dẹ. Ọ̀kadà la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru, mo gbá a mọ́ra lẹ́yìn ọlọ́kadà, mò ń ka èémí rẹ̀. Kò tún dé bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Nígbà tó ń lọ, èmi ni mo ní kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí wọ́n má bàa ní ó ń ṣàìsàn kí wọ́n dá a padà. Ó sì gbọ́ tèmi. Ọdún kejì rèé. Dókítà kankan ò mọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú, Swídìn:
Háà, Iye.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:
Iye mi, kò sẹ́ni tó máa dá yín lẹ́bi níbí. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà lẹ ń wá. Òtútù ni. Èémí tútù tó gbẹ ló gbé e dìde nígbà ọyẹ́, irú rẹ̀ ló sì máa fà sínú fún wákàtí tó pọ̀, pẹ̀lú èémí kíkankíkan. Asimá wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń rin síkì, wọ́n sì ń rìn ín, ṣùgbọ́n dókítà mọ̀, oògùn fífà wà lápò, wọ́n sì ń fi nǹkan bo ẹnu kí èémí lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ pè é lálẹ́ yìí. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kó sọ ọ́ jáde. Bí dókítà bá ní kó má lọ, kó má lọ.

Adúrótolúwa, Ẹ̀kìnrìn-Àdé:
Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ ṣáájú. Aàbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́.

Iye Ẹlẹ́gàárì, Kàbà:
Mo fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é, ó gbé e. Mo sọ ọ́. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Iye, mo ti ń dá gbé e láti ọjọ́ yìí." Ó ní bóun bá sáré, òun máa ń fi ìborùn bo ẹnu kí wọ́n má gbọ́ ìró àyà òun. Ọ̀la ló ń lọ rí dókítà. Bí wọ́n bá gbà fún un, ó ní kí n bá òun ṣọ́ òtútù.
Ọmọ Ìsánlú, aago mélòó ni wọ́n máa ń gbéra?

Ọmọ Ìsánlú, Swídìn:
Aago mẹ́jọ àárọ̀, Iye. Lóṣù yìí, aago wọn àti ti Kàbà dọ́gba. Màá pè yín ní aago márùn-ún, ká jọ wo dígírì ti Sälen.