Èsì: kí ni ká máa pe àwọn ẹ̀yà tó sá fún ará ìta nínú igbó Amazon?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ọjọ́ Ajé tí ẹnì kan ti bi wá lóhun tí a ó máa pe àwọn ẹ̀yà inú igbó Amazon tí kì í bá ará ìta ṣe, àbá mẹ́rin ló ti wà nílẹ̀: “ará igbó”, “ọmọ onílẹ̀”, “ẹ̀yà tí a kò tíì rí” àti “ayẹrafálejò”.

Ẹ jẹ́ ká fi “ará igbó” sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí wa. “Ọmọ onílẹ̀” ì bá dára, torí àwọn ló nilẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ọ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí pé ẹ fẹ́ dáàbò bo ọmọ onílẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ojú tí ẹni tó ti sanwó ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì yóò fi wò yín.

Ẹ̀kẹta ni mo ní ẹjọ́ bá. “Tíì” yẹn ń sọ pé a ṣì ń bọ̀, pé bó pẹ́ bó yá a ó débẹ̀. Èrò FUNAI, àjọ ìjọba Brazil, gan-an nìyẹn nígbà kan: wọ́n á so àdá àti ìkòkò kọ́ sára igi kí àwọn èèyàn náà lè jáde wá mú un. Wọ́n jáde, wọ́n sì kó ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí ara wọn kò mọ̀ rí, ọ̀pọ̀ kú. Ní 1987 ni wọ́n yí i padà: kí á ṣọ́ ilẹ̀ wọn, kí á má lọ bá wọn.

Yàtọ̀ síyẹn, irọ́ ni pé wọn kò mọ̀ wá. Ní 1894, àwọn ọmọ ogun Fitzcarrald, oníṣòwò rọ́bà, pa àwọn Mashco Piro, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà yìí, ní ìpakúpa lókè odò Manu ní Peru, àwọn tó kù sì wọ inú igbó lọ. Títí di òní, ẹni tó bá súnmọ́ ọ̀nà wọn lè bá ọ̀kọ̀ méjì tí wọ́n gbé dábùú ara wọn sójú ọ̀nà. Kí ni Yorùbá ń pe ìyẹn bí kò ṣe àrokò? Ta ló rí màrìwò lẹ́nu igbó orò tó ní òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí? (Mashco fúnra rẹ̀, èébú ni. Nomole ni àwọn Yine tó múlé tì wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ọmọ ìyá.)

Ẹ̀kẹrin ni “ayẹrafálejò”. Ó súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n àlejò là ń bu omi fún. Agégẹdú àti awakùsà kì í ṣe àlejò ẹnikẹ́ni. “Ayẹrafájèjì” ni tèmi.

Lórí “ẹgàn” tí ọ̀gá wa fẹ́ ká máa lò fún irú igbó bẹ́ẹ̀: ẹ rántí ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Rondônia ní Brazil tí wọ́n ń pè ní Oníhò nítorí ihò jíjìn tó máa ń gbẹ́ sínú ahéré rẹ̀. Wọ́n ti pa gbogbo èèyàn rẹ̀, ó dá gbé fún nǹkan bí ọdún 26, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ tàbí èdè rẹ̀. Ní 2005 ó ta òṣìṣẹ́ FUNAI kan lọ́fà. Ní oṣù kẹjọ 2022 ni wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí ibùsùn tó so rọ̀, pẹ̀lú ìyẹ́ macaw, ìbátan odídẹrẹ́, lára rẹ̀. Ọkùnrin yìí gbin àgbàdo, ó gbin ìbẹ́pẹ. Ẹgàn sì ni igbó tí ọkọ́ kò kàn rí. Igbó kìjikìji tó mi.

Ó ku ọ̀kan. Òfin Peru ti 2006 ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ará ìta pàdé sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ṣì ń yẹra. “Aṣẹ̀ṣẹ̀yọjú” ni mo rí pè wọ́n. Ìyàwó mi ní ó jọ orúkọ àbíkú. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀ọ́ kó mú un wá.