Kí la lè fi pa bẹ́ńṣì pákó àlòkù tó wà níta?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní àdúgbò wa n'Íbàdàn, à ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti fi páléètì (pákó tí wọ́n kàn pọ̀ láti máa fi gbé ẹrù) àti táyà àlòkù ṣe ìjókòó sábẹ́ igi tí tọmọdé tàgbà ti ń sinmi. Páléètì tí wọ́n tẹ HT sí lára là ń gbà, torí ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Èyí tó bá ní MB, gáàsì olóró ni wọ́n fín sí i. A kì í jẹ́ kí ọmọ kankan fi ayùn kàn án. Táyà, a máa ń lu ihò sí i kí omi má dá síbẹ̀ fún ẹ̀fọn.

Òjò àti ikán ló ń dà wá láàmú. Ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹrà: ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á wọlé bí ẹ̀kọ tútù. Àwọn kan ní ká fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú pa á, ṣùgbọ́n ọmọ kéékèèké ló ń jókòó síbẹ̀, ọkàn mi ò gbà á rárá. Ṣé ká gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù ni, àbí fáníìṣì kan wà tó lè dúró de òjò wa? Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń lò?