Ọta tó wọnú ìbọn lè má jẹ́ tirẹ̀

Ọmọ Ìyàrá, Texas:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, okun o. Mo ra ìbọn onígéèjì 12 kan lọ́nà tó bófin mu, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ tó ń ba oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́. Aládùúgbò mi tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ta mí lọ́rẹ àpò kátíríìjì (ọta ìbọn) kan, pupa àti aláwọ̀ ìyeyè ló dà pọ̀ nínú rẹ̀. Mo dán aláwọ̀ ìyeyè kan wò, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́. Ṣé mo lè yìn ín?

Ọmọ Kàbà, Pennsylvania:
Àbúrò mi, ṣé o ti yọ ọ́ jáde? Bí o kò bá rí i mọ́, má fi òmíràn tì í lẹ́yìn rárá. Gbé ìbọn náà lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Géèjì 20 ni wọ́n máa ń fi àwọ̀ ìyeyè sàmì sí, nítorí irú ewu yìí gan-an. Nọ́ńbà géèjì a máa rú ènìyàn lójú, torí bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ìbọn ń kéré sí i: bí a bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí ọta róbótó 12 ọgbọọgba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló bá ihò géèjì 12 mu. Ihò náà fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 18.5, ti géèjì 20 kò sì ju nǹkan bíi 15.6 lọ. Ìdí nìyí tí kátíríìjì 20 fi ń yọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró, tí yóò sì há sínú ọ̀pá níwájú. Ẹni tó bá wo ìdí ìbọn á rò pé òfìfo ni, á ki 12 bọ̀ ọ́, nígbà tó bá sì yìn ín, ọ̀pá náà á bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tó fi dì í mú. Mo ti rí ọ̀kan tó bẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Ó ṣí sílẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Pupa náà, má gbọ́kàn lé àwọ̀ rẹ̀. Ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn, kí o sì fi wé ti kátíríìjì, títí kan gígùn, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yin kátíríìjì tí ẹnu rẹ̀ ṣí ni wọ́n ń wọn gígùn rẹ̀. Kátíríìjì íńṣì 3 lè wọnú ìbọn íńṣì 2¾ láìjanpata, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ráyè ṣí dáadáa, agbára inú rẹ̀ á sì ga ju ohun tí ìbọn náà lè gbà lọ.

Bí o bá yìn ín tí kò dún, dojú ẹnu rẹ̀ kọ ibi tí kò séwu fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ó kéré tán kí o tó ṣí i. Bó bá dún fẹ́rẹ́, dúró, yọ ọta inú rẹ̀ kúrò, kí o sì yẹ inú ọ̀pá wò.

Ọmọ Mọ̀pà, Maryland:
Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi nílé ṣì ní ìbọn ṣakabùlà. Wọ́n ní kí n ra ẹ̀tù ìlú òyìnbó bọ̀ ní Disẹ́ńbà.

Ọmọ Kàbà, Pennsylvania:
Má dán an wò. Ẹ̀tù kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú nínú ẹrù rẹ, òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò sì gbà kí a kó ìbọn tàbí ọta wọlé láìní ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀tù dúdú eléèéfín ni wọ́n ṣe ṣakabùlà fún. Bí wọ́n bá ro èyí tó ń bẹ nínú kátíríìjì òde òní sínú rẹ̀, ó lè fa ọ̀pá náà ya mọ́ wọn lójú. Ra tọ́ọ̀ṣì tí à ń dè mọ́ orí fún wọn, èyí tó ń gba iná mànàmáná. Wọn yóò kùn díẹ̀, wọn yóò sì dè é.