Àdírẹ́sì Kábíyèsí ni àbí àdírẹ́sì ìwé tí a kọ nípa Kábíyèsí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Aláṣọ Òkè
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rín àwọn ará ibi iṣẹ́ mi.

A ń kó orúkọ àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọba kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdírẹ́sì tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá la kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀rọ lè máa fi dáhùn ìbéèrè. Mo tẹ orúkọ ọba kan tó ti wàjà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Èsì tó jáde rèé: "A dá a ní 2019. Ó tó 48 kilobáìtì. Ẹni tó dá a ni..." orúkọ èmi gan-an! Ọ̀gá mi wò mí títí, ó ní, "Àṣé ìwọ lo bí Kábíyèsí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àdírẹ́sì kan náà la lò fún ọba àti fún ojúewé tí a kọ nípa ọba. Ọjọ́ tí mo kọ ojúewé wá di ọjọ́ tí a dá ọba. Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn níbí? Kí lẹ ṣe sí i?

Ọmọ Mókọ́lá
Kí adé pẹ́ lórí, kí fáìlì pẹ́ lórí sáfà 😂 Ẹ̀rọ yín ò tiẹ̀ gba ẹ̀kọ́ ilé, ó ń pe Kábíyèsí ní "ó".

Jẹ́ Kí N Rí I
Èmi ò rí wàhálà kankan níbẹ̀ o. Ta ló máa wo ojúewé tó máa rò pé ọba ló ń wò? Ẹ yọ kilobáìtì yẹn kúrò, kí ẹ lọ jẹun.

Ìyá Kóòdù
Jẹ́ Kí N Rí I, ènìyàn ò ní ṣì í mú. Ẹ̀rọ ni yóò ṣì í mú. Ìwọ wo fọ́tò bàbá rẹ, o sì mọ̀ pé bàbá kì í ṣe pépà. Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹ̀rọ?

Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹ̀sín, àwọn àgbà wẹ́ẹ̀bù gan-an jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, ló gbé e síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò wẹ́ẹ̀bù ní W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀, ní 2002. Orúkọ tí wọ́n fún ẹjọ́ náà ni httpRange-14, torí òun ni ìkẹrìnlá nínú ìwé ẹjọ́ wọn. Oṣù kẹfà 2005 ni wọ́n tó dá a. Ìdájọ́ náà ò gùn. Bí o bá kan ilẹ̀kùn àdírẹ́sì kan tí sáfà, ẹ̀rọ tó ń fi ojúewé ránṣẹ́, sì fi 200 dá ọ lóhùn, ìyẹn ni pé "òun rèé, gbà á", ìwé ni àdírẹ́sì yẹn ń jẹ́, ohun tí a lè fi ránṣẹ́ lórí wáyà. Bí ó bá fi 303 dáhùn, ìyẹn ni pé "lọ wo ibòmíì", ohunkóhun ni àdírẹ́sì náà lè máa jẹ́: ènìyàn, òkè, odò, àìsàn. Bí ó bá jẹ́ 404, "n kò rí i", a ò tíì mọ ohun tó jẹ́ rárá.

Tèmi rèé. Mo ń ṣe iṣẹ́ àwọn ìlú, mo sì ń kó dátà láti GeoNames, àkójọ orúkọ àwọn ibi káàkiri ayé. Lọ́dọ̀ wọn, sws.geonames.org/2332459/ ni Èkó fúnra rẹ̀. Bí o bá fi about.rdf kún ìdí rẹ̀, ìwé tó sọ nípa Èkó nìyẹn. Inú ìwé yẹn ni wọ́n kọ ìwé àṣẹ Creative Commons sí, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn lo iṣẹ́ ẹni. Èmi ọ̀lẹ, mo sọ fún kóòdù mi pé kó gé about.rdf dànù kí orúkọ lè kúrú. Nígbà tí ó ṣe tán, ó ní ìlú Èkó wà lábẹ́ Creative Commons, pé ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, kó sì pín in fún ẹni tó bá wù ú, bí ó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó ni ín.

Ọmọ Mókọ́lá
Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti gbọ́ o! Kí kóòdù rẹ lọ san owó ìpìlẹ̀.

Ìyá Kóòdù
Wọ́n máa tún gba owó òrùlé lọ́wọ́ mi.

Bàbá Sáfà
Ẹ má wulẹ̀ fi 303 yẹn gbé ẹnikẹ́ni gun igi. Mo lò ó rí. Iṣẹ́ àwọn igi àti ewé ni, igi tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, sáfà kan ṣoṣo, nẹ́tíwọ̀kì Ìbàdàn tí ẹ mọ̀ dáadáa. Igi kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá tẹ̀, ìgbà méjì ni fóònù rẹ̀ máa kan ilẹ̀kùn mi: ó kọ́kọ́ kàn án kí n sọ pé ìrókò ò sí nílé, lọ bá ìwé rẹ̀ ní kejì, ó tún padà wá kàn án níbi tí mo rán an. Àwọn ènìyàn ń pè mí pé ojúewé ò ṣí. Mo ní ó máa ṣí. Iná tún lọ.

Mo bá lọ sí ti àmì #. Ohun tó dùn nínú ẹ̀ ni pé bùráúsà kì í fi ohun tó wà lẹ́yìn # ránṣẹ́ sí sáfà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń mú un dání. Bẹ́ẹ̀, /igi/iroko ni ìwé, /igi/iroko#igi ni ìrókò tó dúró lóko. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la kan ilẹ̀kùn, orúkọ méjì la ní. Bí gbogbo igi bá wà nínú fáìlì kan ṣá, ẹni tó fẹ́ ìrókò nìkan máa gbé gbogbo igbó wálé.

Mo rò pé mo ti bọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń bá mi tẹ nǹkan sínú Excel rí "#igi" lẹ́yìn gbogbo àdírẹ́sì, ó ní ìdọ̀tí ni, ó nù ún dànù. Gbogbo ẹ̀! Ó tún dúró dè mí kí n dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá ìdí tí ìrókò fi jẹ́ ohun tí akọ̀wé kan kọ lọ́jọ́ Ẹtì.

Táyé Ìgbò-Ọrà
"Ó tún dúró dè mí kí n dúpẹ́" 😭😭

Ará Peckham
Bàbá Sáfà, ẹ̀mí yín gùn, ẹ̀gbọ́n. Èmi fúnra mi ni ọmọ Excel yẹn. Wọ́n ní kí n so àkójọ kan mọ́ DBpedia, dátà tí wọ́n yọ látinú Wikipedia. Mo ṣí ohun tí mo fẹ́, mo kọ́pì àdírẹ́sì tó wà lókè bùráúsà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo fi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe é. Èmi ò mọ̀ pé mo ń tẹ /resource/, àdírẹ́sì nǹkan fúnra rẹ̀, 303 sì ń gbé mi lọ sí /page/, ojúewé tó ń sọ nípa rẹ̀, láìsọ fún mi. Nítorí náà, /page/ ni mo kọ́pì látòkè délẹ̀. Mo so gbogbo nǹkan mọ́ ìwé, n kò so ọ̀kan ṣoṣo mọ́ ohun tí ìwé ń sọ.

Wikidata, àkójọ dátà àwọn ará Wikipedia, náà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ ń rí lókè nígbà tí ẹ bá ń ka Èkó ni wikidata.org/wiki/Q8673. Àdírẹ́sì ìlú náà ni http://www.wikidata.org/entity/Q8673. Kì í ṣe https o. Lẹ́tà "s" kan ṣoṣo, nǹkan yín ò ní bá ara mu.

Jẹ́ Kí N Rí I
Ẹ ò rí i bí ẹ ṣe ń jẹ́rìí fún mi? Gbogbo yín lẹ jìyà, kò sì sí ẹni tí ìyà yẹn ṣe láǹfààní. Bí mo bá ní "mò ń lọ Ọ̀yọ́", ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ bóyá ìlú ni àbí ìpínlẹ̀. N kò fi # sí ìdí Ọ̀yọ́ rí láyé mi.

Bàbá Sáfà
Awakọ̀ tí o bá sọ ọ́ fún tó já ọ sí Ìsẹ́yìn ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣáà ni Ìsẹ́yìn.

Jẹ́ Kí N Rí I
Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn là ń sọ.

Ọmọ Mókọ́lá
😂😂😂 Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Táyé Ìgbò-Ọrà
Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú 303 yín, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ìyá ìyá mi.

Wọ́n bí ìbejì, Kẹ́hìndé kú ní kékeré, wọ́n sì gbẹ́ ère rẹ̀. Mo bá ère yẹn nílé. Mọ́mọ́ á wẹ̀ ẹ́, wọn á fi osùn pa á lára, wọn á fi ẹlú kun irun rẹ̀, wọ́n á fún un ní ẹ̀wà. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan, "Mọ́mọ́, ṣé Kẹ́hìndé nìyí?" Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. Wọ́n ní, "Kẹ́hìndé ti lọ. Ère Kẹ́hìndé nìyí." Ó tán. Àmọ́ ọjọ́ tí ọmọ àbúrò wọn fẹsẹ̀ gbá ère náà ṣubú, pàṣán tó jẹ, òun àti ìdí rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ó ń ké pé "igi ni, igi ni!" Mọ́mọ́ ní, "Èmi náà mọ̀ pé igi ni."

Ará Peckham
"Èmi náà mọ̀ pé igi ni." Mo ti dìde lórí àga.

Bàbá Sáfà
Ẹ ò rí i? Mọ́mọ́ mọ 303 kí W3C tó dé. O béèrè Kẹ́hìndé, wọ́n ní kò sí níbí mọ́, ó yá, wo eléyìí.

Ìyá Kóòdù
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ère kì í ṣe ìwé tó ń sọ nípa Kẹ́hìndé. Kò sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, kò sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ọmọ ọwọ́ ló kú, ère sì ní ọmú àgbà. Ipò rẹ̀ ló dì mú. Ìwé ń ròyìn, ère ń dúró fún ni. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Díkínì Onírẹ̀lẹ̀
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó ìbọ̀rìṣà wọ inú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Táyé Ìgbò-Ọrà
Bọ̀dá Díkínì, ta ló bọ òrìṣà? Ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Díkínì Onírẹ̀lẹ̀
Ẹ̀wà tí wọ́n fún un ńkọ́?

Ọmọ Mókọ́lá
Ta ló wá jẹ ẹ̀wà náà? Ìbéèrè tó yẹ kí a bi Táyé nìyẹn.

Táyé Ìgbò-Ọrà
Èmi ni. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ará Peckham
Ẹ jẹ́ kí n gbà yín lọ́wọ́ ìjà. Ẹ mọ orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum? Wọ́n wú u lágbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni Af1939,34.1, ó sì ní ojúewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, ó kọ ọ́ pé "1939 ni wọ́n rọ orí náà". Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní inú nọ́ńbà ló ti rí i! Ọdún tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbà á sílẹ̀ ni 1939. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn onímọ̀ ń sọ pé wọ́n rọ ọ́.

Ẹ wá kà á: ẹni tí wọ́n rọ orí náà fún wà, orí idẹ wà, fọ́tò orí idẹ wà, ojúewé tí fọ́tò wà nínú rẹ̀ tún wà. Mẹ́rin nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọdún tirẹ̀. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan, kí ẹ wá béèrè pé "ọdún wo?"

Bàbá Sáfà
"Ta ló ni ín?" ńkọ́? Ẹ béèrè ìyẹn náà.

Ọmọ Mókọ́lá
Ẹ dá orí wa padà, ẹ máa mú ojúewé.

Jẹ́ Kí N Rí I
Lórí èyí, mo gbà fún yín. Orí àti ojúewé kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí wọ́n dá a padà.

Ìyá Kóòdù
Ẹ wo ibi tí a ti rí i mú! Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá Sáfà
Nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ sọ, kí n má gbàgbé. Bí ẹ bá fi http bẹ̀rẹ̀ orúkọ nǹkan, ẹ̀rọ kan láyé yìí máa lọ kàn án ṣáá, ì báà ṣe orúkọ lásán lẹ pè é. W3C fúnra wọn ké gbàjarè ní 2008 pé àwọn ẹ̀rọ ń wá béèrè àwọn fáìlì DTD, èyí tó ń sọ bí a ṣe ń to ojúewé, lọ́wọ́ wọn, tó ìgbà 130 mílíọ̀nù lójúmọ́. Fáìlì tí kì í yí padà o! Ẹ múra sílẹ̀ fún àlejò.

Ọmọ Aláṣọ Òkè
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe ti Bàbá Sáfà. Mo fi àwọn àdírẹ́sì àtijọ́ sílẹ̀ fún ojúewé, torí àwọn ènìyàn ti pín in káàkiri WhatsApp, mo wá fi #oba kún ti àwọn Kábíyèsí. 2019 àti orúkọ mi ti padà sọ́dọ̀ ojúewé. Ọ̀gá mi ò pè mí ní Ìyá Ọba mọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti yọjú láàárọ̀ yìí. Ẹnì kan béèrè pé "Aláàfin" tí mo kọ, ṣé ẹni tó wà lórí ìtẹ́ ni àbí ìtẹ́ gan-an? Mo lọ wo Wikidata, ipò lọ́tọ̀, ẹni tó jẹ ẹ́ lọ́tọ̀. Ó túmọ̀ sí pé n óò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ Mókọ́lá
Ìyá Ọba, ẹ kú iṣẹ́.

Ará Peckham
Ọjọ́ tí ọba kúrò láyé ńkọ́, kí lẹ kọ sí orí kọ́lọ́mù yẹn? Ẹ má sọ fún mi pé "ọjọ́ ikú".

Ọmọ Aláṣọ Òkè
Ha! Bàbá kan níbi iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí létí ya lórí ìyẹn. "Ọjọ́ ìwàjà" ni mo kọ.

Bàbá Sáfà
Ojúewé lè kú ní tirẹ̀. 410, "ó ti lọ pátápátá", ni ẹ máa fi túfọ̀ rẹ̀, kì í ṣe 404.