Ọdún méjì ni mo fi múra sílẹ̀ kí n tó gé aṣọ àkọ́kọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ó ti ń wù mí tipẹ́ kí n sọ èyí, torí ó dá mi lójú pé ẹnìkan wà láàárín wa tí maṣíìnì rẹ̀ ṣì wà nínú páálí.

Mo ra maṣíìnì ìránṣọ, mo ra sísọ́ọ̀sì, téèpù àti òwú oríṣiríṣi. Ìwé tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ sí kún di méjì. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí roboto ni aṣọ tó ń nà ń fẹ́, kí ó má baà já fọ́nrán rẹ̀. Síbẹ̀, mi ò rán ìlà kan. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní, "Mo ṣì ń kọ́ ọ." Òótọ́ ni, mò ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí: bí sísọ́ọ̀sì bá ti gé aṣọ, kò ṣeé dá padà mọ́. Bí mo ṣe ń fòní dónìí, tí mò ń fọ̀la dọ́la nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ da aṣọ ìbùsùn kan tó ti gbó nù. Mo gé e sí méjì kí ọkàn mi tó yí padà, mo ní màá fi rán aṣọ ìrọ̀rí.

Kò pẹ́ tí maṣíìnì fi há. Mo yí aṣọ padà, òwú ti lọ́ mọ́ra lábẹ́ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mo tú u, mo tún un rán, ó tún lọ́. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ló ti ń lọ́, bọ́bìnì, kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n ká òwú ìsàlẹ̀ mọ́, ni mo dá lẹ́bi. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin kí n tó rí i pé òwú òkè ni. Irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ kí n tó fa òwú kọjá. Bí irin yẹn bá ti wà nílẹ̀, àwo kékeré méjì tó ń di òwú mú á ti pa dé, òwú ò ní ráyè wọ àárín wọn, á kàn máa tú sísàlẹ̀ ni. Mo gbé irin náà sókè, mo fa òwú lákọ̀tun. Ìlà jáde. Ó wọ́, ṣùgbọ́n ó dì mú.

Mo lọ ṣí ìwé mi. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, mo tiẹ̀ fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Ojú mi ti rí i láti ọdún méjì, ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìdáhùn: Eré sísá ni tèmi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ka ìwé nípa bàtà àti mímí. Ètò tí mo padà tẹ̀ lé ni Couch to 5K, ètò tó ń kọ́ ẹni tí kì í sáré títí á fi lè sá kìlómítà márùn-ún, èyí tí Josh Clark gbé kalẹ̀ ní 1996. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú àáyá 60 péré ni wọ́n ní kí n sá, kí n rìn fún 90, kí n tún sá. Inú mi bà jẹ́ gan-an nígbà tí mo rí i pé eré ìṣẹ́jú kan péré ni mo ti ń bẹ̀rù láti oṣù mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, níbi tí wọ́n ti ní kí n sá ìṣẹ́jú 20 láìdúró, dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ 11 ni mo fi parí rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Lílúwẹ̀ẹ́ ni mo kọ́, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kàn bẹ́ sódò. Olùkọ́ ni mo wá, omi tí kò ju àyà lọ la sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo pè é ni mo ka sí ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tèmi jáde nínú páálí ni. Irin wà lókè. Mò ń fa òwú lọ́wọ́.